Kí ẹ tó túmọ̀ Tudu, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù ló sábà máa ń fa àríyànjiyàn tó gùn jù. Bí ènìyàn bá kọ "tu" sílẹ̀ lásán, tí kò fi àmì ohùn sí i, kò sí ọmọ Yorùbá tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ohun tó ń sọ. Bó bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, okùn ló fẹ́ tú. Bó bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló fẹ́ tù nínú. Bó bá fi ohùn rẹ̀ sí àárín, ìyẹ́ adìẹ ló fẹ́ tu. Bẹ́ẹ̀, àwa la ni èdè wa o! Bí ọ̀rọ̀ kékeré bá lè da ọmọ onílé láàmú báyìí, kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń rìn láti èdè kan dé èdè mìíràn?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni "tudu". Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣòwò dé Àkrà, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà, kò ní ṣàì mọ orúkọ náà. Àdúgbò kan ni Tudu láàárín gbùngbùn ìlú, kò jìnnà sí ọjà Makola, ibẹ̀ sì ni ibùdókọ̀ tí àwọn tó ń lọ sí Aflao, lẹ́nu ibodè Tógò, ti ń wọkọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tó ń gba Lomé àti Kútọnu padà sílé ló ti di ẹrù wọn sórí mọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni Tudu túmọ̀ sí, wọn yóò ní orúkọ àdúgbò lásán ni.

Kì í ṣe orúkọ lásán. Èdè Ga tí àwọn onílùú Àkrà ń sọ kọ́ ló sì ti wá, èdè Hausa ni. Tudu lọ́dọ̀ àwọn Hausa ni ilẹ̀ tó ga sókè ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Òun náà ló wà nínú Tudun Wada tí a ń gbọ́ ní Kaduna, ní Zaria àti ní Jos, tí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Kánò sì ń jẹ́. Àwọn Hausa tún máa ń sọ nípa ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ewu pé ó ti dé "tudun mun tsira", bí ẹni sọ pé ó ti gun orí ilẹ̀ gíga tí àgbàrá kò lè gbé e lọ mọ́.

Báwo ni ọ̀rọ̀ Hausa ṣe wá dé etí òkun Àkrà? Òwò obì àti ti màlúù wà níbẹ̀, ogun náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1873, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń múra ogun Aṣánté, John Glover, tó ti fìgbà kan jẹ́ alákòóso Èkó, kó àwọn ọmọ ogun Hausa láti Èkó lọ sí Góòlù Kóòsì. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ Hausa ń bẹ nínú àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ ilẹ̀ náà. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àáfà pẹ̀lú ń dé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dá Zongo sílẹ̀, ohun tó fara jọ Sábó lọ́dọ̀ tiwa, tí èdè Hausa sì di èdè tí Yorùbá, Moosi, Zabarma àti àwọn ẹ̀yà mìíràn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé Tudu kúrò ní Àkrà ná. Ẹni tó bá dé erékùṣù Cape Verde, tàbí Guinea-Bissau, yóò gbọ́ "tudu" lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Kì í ṣe ilẹ̀ gíga ni wọ́n ń wí. Lára "tudo" àwọn Potogí ni tiwọn ti jáde wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "gbogbo rẹ̀". Bó bá kọjá sí ilẹ̀ Íńdíà, láàárín ẹ̀yà Santal, orúkọ ìdílé ni Tudu. Draupadi Murmu, obìnrin tó di ààrẹ Íńdíà ní oṣù keje ọdún 2022, Tudu ni orúkọ bàbá tó bí i, ilé ọkọ ló ti gba Murmu. Bó bá tún lọ sí Estonia ní ìhà àríwá Yúróòpù, "tudu" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá fi ń sọ fún ọmọ kékeré pé kó lọ sùn, abúlé kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tudu.

Ilẹ̀ gíga, gbogbo rẹ̀, orúkọ ìdílé, oorun ọmọdé. Ohùn kan, ìtumọ̀ mẹ́rin, kò sì sí èyí tó bá èkejì tan. Ẹni tó bá gbọ́ wọn tó wá ń sọ pé àwọn Santal àti àwọn Hausa jọ ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ baba kan náà, irọ́ ló ń pa. Irú àṣìṣe yìí pọ̀ láàárín àwa náà. Bí a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lókè òkun tó jọ tiwa, kíá a ti ní Yorùbá ló tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn tó jọra kì í ṣe ọmọ ìyá dandan.

Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ọmọ ìyá náà wà, àwọn yìí gan-an ló sì léwu jù. Ẹ wo Adabraka, àdúgbò mìíràn tí kò jìnnà sí Tudu. Ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ dáadáa ni, alùbáríkà ni! Lárúbáwá ló ti wá, Hausa ń pè é ní albarka, Yorùbá sọ ọ́ di alùbáríkà, Àkrà sọ ọ́ di Adabraka. Lọ́dọ̀ àwọn Moosi ní Burkina Faso, "barka" ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Títí dé ibí yìí, ire ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọjà Hausa, bí oníbàárà bá dá owó lé ọjà, tí ọlọ́jà sì dáhùn pé "albarka", kò gbà fún un o! Ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé owó náà kéré ni. Yorùbá tó bá gbọ́ ọ lè ti máa ka owó síta, kó rò pé wọ́n ti ṣàdúrà sí ọjà òun. Ìyá kan náà ló bí àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ilé tí kálukú dàgbà sí yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ "Alata". Orúkọ tí àwọn ará Gánà fún Yorùbá nìyẹn. Ọṣẹ dúdú wa ni wọ́n ń pè ní "alata samina". Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ọ, aláta ló máa ń gbọ́, inú sì lè bí i pé ṣé ata nìkan ni àwọn baba òun wá tà ni. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn so orúkọ náà mọ́ Allada, ìlú ọba àtijọ́ tó wà ní Benin òde òní. Àdúgbò Ngleshi Alata wà ní James Town ní Àkrà títí di òní, ìyẹn Alata ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó torí èyí bínú, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ sí i ló bínú sí.

Ẹ lè ní ẹ̀rín lásán ni gbogbo èyí. Rárá o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó lé ènìyàn kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ náà ni "àlejò". Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a ń fún lómi mu, tí a ń tẹ́ ẹní fún, ni àlejò. Láàárín àwọn Zongo náà, ọ̀wọ̀ ń bẹ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde. Nínú ìwé ìjọba, ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ ni àlejò túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran baba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Gánà ni wọ́n bí wọn sí, èdè ibẹ̀ yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ilẹ̀ gíga ni Tudu ń jẹ́, ṣùgbọ́n àgbàrá ọdún náà gbé wọn lọ.

Kí a má baà dá ẹnì kan lẹ́bi, àwa náà ṣe é. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n kó ẹrù sí la fún lórúkọ tí a ṣì ń pè é títí dòní, "Ghana Must Go". Lẹ́nu ọlọ́jà, àpò lásán ni. Lẹ́nu ọmọ Gánà tó rìn lọ́jọ́ náà, ìrántí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá dé ìlú onílùú tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jọ tiyín, ẹ má ṣe yára rẹ́rìn-ín, ẹ má sì yára fa idà yọ. Ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé kí ló ní lọ́kàn. Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin náà ń pe ẹlòmíràn, nítorí etí tirẹ̀ ni yóò fi gbọ́ ọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: abèèrè kì í ṣìnà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.