Ẹ Jẹ́ Kí Gúnnugún Dàgbà

Gúnnugún kì í kú léwe. Gbólóhùn yìí ni àwọn àgbà wa fi ń wúre fún ọmọ tuntun, nítorí pé ẹyẹ ọlọ́jọ́ gígùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ní òde òní, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọlọ́lá ìlú, gúnnugún ti ń kú léwe, ọwọ́ àwa tí ń fi í wúre ni ó sì ń kú sí.

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí bí ẹyẹ yìí ti máa ń tò sí orí òrùlé odò ẹran àti etí àkìtàn ní àwọn ìlú ńlá wa. Kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kì í jẹ́ kí òkú ẹran rà sí ìgboro. Ní ọ̀pọ̀ ìlú lónìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé wa kò mọ̀ ọ́n bí kò ṣe nínú àwòrán. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àgbáyé IUCN kọ orúkọ igún wa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń yé lọ́dún; bí a bá pa ọ̀kan lónìí, yóò pẹ́ kí a tó rí arọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹyẹ ẹlẹ́gbin ni, bí ó bá sì bà sórí ilé, ibi ni ó mú wá. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń gbá ilẹ̀ kọ́ ni ó da ìdọ̀tí síbẹ̀. Omi kíkan inú ikùn igún ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò àrùn tí ó wà lára òkú ẹran. Ẹ wo ilẹ̀ Íńdíà: oògùn diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù pa àwọn igún tí ó jẹ òkú màlúù náà títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ajá ìgboro ni ó jogún oúnjẹ wọn. Ajá pọ̀ sí i, ewu àrùn dìgbòlugi sì pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ọdún 2006 ni ìjọba ibẹ̀ tó fi òfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àṣà ni kí a máa fi orí igún ṣe oògùn. Àṣà ta ni? Àwọn baba wa ti là á sílẹ̀ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í sì í fi igún bọ orí. Èèwọ̀ yẹn gan-an ni àṣà; orí igún tí ó wà lórí àtẹ àwọn lékulẹ́ja ni ó ba àṣà jẹ́.

Nítorí náà, kí ni ó yẹ kí a ṣe? Èkíní, kí àwọn ìjòyè gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ọba, kí Ìyálọ́jà àti àwọn oníṣègùn sì jókòó, kí wọ́n fẹnu kò pé ewé àti egbò ni a ó fi rọ́pò orí igún. Èkejì, kí a bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí ó má ṣe gé ìrókò àti àràbà ìgboro lulẹ̀ láìnídìí, nítorí orí igi gíga ni igún ń tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju òkú ẹran tí ó jẹ májèlé sí gbangba. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, ní nǹkan bí ọdún 2020, májèlé pa igún tí ó ju 2,000 lọ. Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ kọ́ ọmọ pé a kì í sọ igún lókò.

Ẹ má ṣe wí pé kò ṣeé ṣe. Òṣogbo ni igbó Ọ̀ṣun wà, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun ìní aráyé ní ọdún 2005. Èèwọ̀ ni ó jẹ́ láti dọdẹ níbẹ̀, ọ̀bọ sì ń ṣeré lórí igi rẹ̀ títí dòní. Ohun tí èèwọ̀ ṣe ní Òṣogbo, ó lè ṣe é ní ìlú gbogbo.

Bí gúnnugún bá tán, kí ni a ó fi máa wúre fún ọmọ wa? Kí Olódùmarè jẹ́ kí a dàgbà, kí gúnnugún náà sì bá wa dàgbà.