Sátidé Nìkan Kọ́ Ni Àlejò Lè Dé



Òǹkọ̀wé tó ní kí ilé ìsinmi ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, má kúrò lórí gbígba àlejò láti Sátidé sí Sátidé ní ìdí tó lágbára: bí àlejò bá ń dé lọ́jọ́ tó bá wù ú, òru méjì-mẹ́ta á máa ṣẹ́kù tẹ́nikẹ́ni ò ní gbà. Àmọ́ ẹ wo ohun tójú àwọn tó ń tún ilé ṣe ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Àlejò jáde ní aago 10 àárọ̀, òmíràn fẹ́ẹ́ wọlé ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Láàárín wákàtí 6 yẹn, gbogbo onílé ló ń wá òṣìṣẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀dì wà níhòòhò, iyanrìn etíkun ṣì wà nílẹ̀ balùwẹ̀, ọkọ̀ sì ti tò lọ bẹẹrẹ lójú ọ̀nà A30. Bí a bá fi Jímọ̀ àti Mọ́ńdè ṣe ọjọ́ pàṣípààrọ̀, òru 3 òpin ọ̀sẹ̀ àti òru 4 àárín ọ̀sẹ̀ á pé 7 géérégé, ìkankan ò ní ṣòfò.

Àwọn tó fara mọ́ Sátidé á ní ọjọ́ Jímọ̀ nilé-ìwé ń gba ìsinmi, torí náà ìdílé ò lè gbéra ṣáájú Sátidé. Òótọ́ ni, ní ti ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan. Kí onílé dá Sátidé padà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìsinmi ìgbà ooru tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6: kí ló wá so ìdílé mọ́ Sátidé?