Fúláàtì Kì í Ṣe Hòtẹ́ẹ̀lì: Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò Dà?

Ní etí òkun Ìlàjẹ, orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé, pákó ni wọ́n sì fi ṣe afárá láti ojúlé kan dé èkejì. Ẹni tó bá gba àlejò mẹ́wàá sílé, orí pákó gbogbo ará àdúgbò ni wọn yóò gbà wọlé. Nítorí náà, kò sí onílé tó lè fọ́nnu pé àlejò òun kò kan ẹlòmíràn. Ọgbọ́n yìí ló sọnù lọ́wọ́ àwọn onílé Èkó tí ń sọ fúláàtì inú ilé alájà di ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì, ilé tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

“Ilé mi ni, owó mi ni mo fi rà á.” Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu wọn jáde nìyẹn bí aládùúgbò bá fẹjọ́ sùn. Òótọ́ ni pé fúláàtì jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ló ni àtẹ̀gùn? Ta ló ni géètì, omi, àti dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu? Ta ló ń dá owó oṣù mégádì? Ohun àjùmọ̀ní ni onílé ń tà fún àlejò, òun nìkan ló sì ń kó èrè rẹ̀ sápò. Bí orin bá ń dún títí di ìdájí, onílé kò sí níbẹ̀; àwọn ọmọ tí yóò jí lọ sílé ìwé ni kò rí oorun sùn. Ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bá.

Ọ̀rọ̀ náà ju ariwo lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n bá òkú Usifo Ataga, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Super TV, nínú ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì kan ní Lekki. Ilé ẹjọ́ ló ni ìdájọ́ ẹjọ́ náà. Ìbéèrè tó kù fún àwọn alábàágbé ni èyí: ta ló mọ ẹni tó sùn sí ojúlé kejì lálẹ́ àná?

Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Níbi tí òwò yìí ti gbilẹ̀ gan-an ni ààbò òfin náà kò dé! Àwọn ìlú mìíràn kò káwọ́ gbera. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, New York ti ní kí onílé forúkọ sílẹ̀, kí ó wà nílé pẹ̀lú àlejò, kí àlejò tó ń sanwó má sì ju méjì lọ. Barcelona kéde ní 2024 pé òun yóò fòpin sí ìwé àṣẹ ilé 10,101 kí 2028 tó parí.

Kò yẹ kí Èkó fi òfin de òwò náà pátápátá. Owó ilé-ìwé ọmọ ni àwọn kan ń rí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí aládùúgbò máa pe gbogbo ọmọbìnrin tó gbé báàgì wọlé ní aṣẹ́wó. Ohun tó tọ́ kò le: kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé inú ilé kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí a ní alábòójútó tí a lè pè láàárín òru, kí orúkọ àlejò wà ní géètì, kí a ka iye ènìyàn, kí onílé fi owó ìdúró sílẹ̀, tí a ó ti máa yọ owó ìtanràn, kí ó sì san kún owó dísù.

Kí Ìlàjẹ má wo Èkó bí ìran. Ìjọba Oǹdó ń lépa èbúté omi jíjìn, etíkun Aràrọ̀mí sì wà níbẹ̀ fún olùgbafẹ́. Àlejò ń bọ̀, owó wọn náà ń bọ̀. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Bí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù bá tún di ilé àlejò, níbo ni ọmọ onílẹ̀ yóò sùn? Ọba, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ará ìlú ní láti fẹnu kò lórí òfin wọn nísinsìnyí, kí àlejò tó gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.