Ìránṣẹ́ Tí Kò Jábọ̀

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni a fẹ́ sọ lónìí, pàápàá ọ̀rọ̀ etí wọn nínú ilé ìjọsìn, nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa ní Basin níbí, nínú ìlú Ìlọrin, tí a kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ìjọ mìíràn.

Apá mẹ́rin ni ohùn ń lọ nínú ilé ìjọsìn wa: gbọ̀ngàn ńlá, yàrá àwọn ọmọdé, yàrá àwọn abiyamọ, àti abẹ́ kánópì tí ó wà níta. Tẹ́lẹ̀ rí, bí a bá gbé ohùn sókè kí àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́ ìwàásù, a ti gbé e sókè fún ọmọ ọwọ́ tí ó ń sùn náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ra mixer tí ó ń pín ohùn, tí apá kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. A tì í mọ́ inú yàrá kékeré kan kí ọwọ́ má baà pọ̀ lórí rẹ̀. Láti orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń darí rẹ̀, nípasẹ̀ okùn serial tí wọ́n ń pè ní RS-232.

Okùn yìí ti dàgbà. Ní ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ mixer títí di òní nítorí pé ó rọrùn. Wáyà mẹ́ta péré ti tó o: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń gbọ́, ìkẹta sì ni ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ dúró lé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, bí ẹni tí ó wí pé, “Apá kẹta, wá sí 20.”

Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kíyè sí ohun mẹ́rin. Èkíní ni pé kí ìyára àwọn méjèèjì bá ara mu. Bí a bá fi í sí 9600, lẹ́tà bí 960 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan bá wà ní 9600 tí èkejì wà ní 19200, wótòwótò ni wọn yóò máa bá ara wọn sọ. Èkejì ni pé ẹnu ọ̀kan gbọ́dọ̀ kan etí èkejì. Lójú ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án ti kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ kẹta ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ kejì ni ó ń gbọ́. Bí ti mixer bá rí bákan náà, okùn tí a yí wáyà méjèèjì padà nínú rẹ̀ ni a ó lò. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ mixer kì í ṣe ohunkóhun títí wọn yóò fi gba àmì pé ọ̀rọ̀ ti parí, bí ìgbà tí a bá tẹ Enter. Ẹ̀kẹrin ni gígùn okùn: mítà 15 ni ìlànà àtijọ́ náà fọwọ́ sí. Bí ọ̀nà bá jìn ju èyí lọ dáadáa, ẹ wá èyí tí ń lo RS-485, tí ó lè dé 1,200 mítà.

Gbogbo èyí ni a ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọkàn wa balẹ̀ títí di òru ìṣọ́ òru kan. Bí orin ti ń lọ lọ́wọ́ ni iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, orin sì ń bá a lọ. Kọ̀ǹpútà wa ní bátìrì, kò kú rárá. Ṣùgbọ́n mixer kú, ó sì jí. Nígbà tí ó jí, ìwọ̀n tí ó bá nínú ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí a rà á ni ó padà sí, òkè téńté sì ni. Àwa tí a jókòó ti kọ̀ǹpútà ń wo 20 fún yàrá àwọn abiyamọ, a sì ń jó. Arábìnrin kan ló sáré tọ̀ wá wá láìwọ bàtà, ọmọ rẹ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ará, ẹ fẹ́ fọ́ wa létí ni?”

Ojú tì wá. Ẹ̀bi wa ni. A ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa pàṣẹ, a kò kọ́ ọ láti máa béèrè. Ohun tí a sọ ni ó ń fi hàn wá lójú gíláàsì, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kọ́.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àjọ tí ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NIOSH, ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe wà nínú ariwo 85 dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ìwọ̀n àgbàlagbà sì nìyẹn, ẹ ò rí i pé ti ìkókó tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Ohun tí a wá ṣe nìyí. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kọ̀ǹpútà ń bi mixer pé, “Mélòó lo wà?” Bí kò bá dáhùn, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n. Nígbàkígbà tí iná bá lọ tí ó dé, a ń tún gbogbo ìwọ̀n rán. A fi òté sí inú mixer fúnra rẹ̀, tí yàrá àwọn ọmọ kò lè kọjá, ẹni yòówù tí ì báà tẹ̀ ẹ́. A tún fún àwọn abiyamọ ní bọ́tìnnì lára ògiri tí wọ́n lè fi dín ohùn kù láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orísun iná kan náà ni a sì ń fi fún kọ̀ǹpútà àti mixer, nítorí pé bí orísun bá yàtọ̀, iná lè gba inú okùn náà kọjá kí ó sì ba ihò rẹ̀ jẹ́.

A kò gbàgbé aládùúgbò, Kristẹni àti Mùsùlùmí. Láti ọdún 2009 ni òfin ariwo ti àjọ NESREA ti wà, ìwọ̀n tí ó fún òru sì kéré sí ti ọ̀sán. Nítorí náà, bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ní ń pa ohùn abẹ́ kánópì, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bóyá ó ti kú lóòótọ́.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, ẹ̀yin ni àgbà ọjà náà. Bí ẹ bá rán okùn níṣẹ́, ẹ gba àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún fi ẹsẹ̀ yín rìn dé yàrá àwọn ọmọ, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ.