Ọ̀rọ̀ Kékeré, Ìtumọ̀ Púpọ̀

Àwọn kan a máa sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó, nítorí pé wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò dúró fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wọn kò sì rí i. Àṣìṣe ńlá ni èrò yìí.

Àpẹẹrẹ rere ni ‘set’, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè Oxford tí ó jáde ní 1989, òun ni àlàyé rẹ̀ gùn jù lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan lé ní 400. Ọmọ ilé-ìwé ní Akówọnjọ lè bá a pàdé láti òwúrọ̀ di alẹ́: olùkọ́ a gbé ìbéèrè kalẹ̀, ìyá a tẹ́ tábìlì oúnjẹ, sìmẹ́ǹtì oníbúlọ́ọ̀kù a dì, oníṣègùn a to egungun tí ó ṣẹ́, oòrùn a sì wọ̀. ‘Set’ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn. Yorùbá fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni kò wá ní ọ̀rọ̀ tó? Rárá o. Yorùbá náà ní ‘jẹ’: ọmọ jẹ àkàrà, oníṣòwò jẹ èrè, ọ̀lẹ jẹ ìyà, ìjòyè jẹ oyè. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wá ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìwọ̀nyí.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé oòrùn ‘gbé kalẹ̀’ ti ba èdè méjèèjì jẹ́. Ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń bá rìn ni ó ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú èdè baba rẹ̀ mọ́.