Ẹni Tó Mọ Dánfó Wà Kò Tíì Mọ Forklift Wà

Nígbà tí mò ń ṣe IT ní 400 level, ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ni wọ́n fi mí sí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n já àpótí pákó gígùn kan, ẹ̀rọ ló wà nínú ẹ̀. Forklift kọ́kọ́ fẹ́ gbé e, ni ìdí forklift bá ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá tó ń wà á, tí gbogbo wa fẹ́ràn, yí ojú padà, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ IT, ẹ wá gun ẹ̀yìn mi!" Àwa mẹ́ta sáré lọ, a dúró sórí irin ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, à ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì, èmi náà gùn ún.

Ó gbéra. Kò tíì lọ jìnnà tó fi tẹ bíréèkì. Ìdí forklift gbé sókè pẹ̀lú àwa tó wà lórí ẹ̀, ẹ̀rù bà wá, a fò sílẹ̀. Àpótí yọ̀ kúrò lórí fọ́ọ̀kì, ó fọ́ sílẹ̀, ìdí forklift wá já wálẹ̀ gbì. Taya ẹ̀yìn kan balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wa.

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ yẹn fi tiro. Nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ, "àìṣọ́ra" ọmọ IT ló fa á. Inú bí mi sí ìwé yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ ṣáà wò ó, Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Ọdún mọ́kànlá ló fi wa dánfó kó tó débẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀ fi lífà hàn án fún ọjọ́ méjì: èyí ń gbé e sókè, èyí ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èyí ń tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó parí. Awakọ̀ gidi ni, gbogbo èèyàn ló sì gbà pé ẹni tó lè wa dánfó ní Òṣòdì, kí ló tún kù tí kò lè wà?

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín jiyàn.

Ẹ rántí jangirọ́fà, pákó tí ọmọ méjì máa ń jókòó sí orí ẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Jangirọ́fà ni forklift. Ibi tí pákó gbé lé ni taya iwájú. Ẹrù lọmọ tó jókòó níwájú. Ọmọ ẹ̀yìn ni ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀, pàápàá irin ńlá tí wọ́n rọ sí ìdí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí forklift tó lè gbé 2,500 kg fi máa ń wúwo ju Corolla méjì lọ, bó ṣe kéré tó lójú.

Gbogbo ẹni tó bá ti ṣeré jangirọ́fà ló sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tó tín-ín-rín lè gbé ọmọ tó sanra sókè bó bá ṣáà ti sún sẹ́yìn dáadáa. Ìwúwo, ẹ fi jíjìnnà sọ ọ́ di púpọ̀: ìyẹn lẹ̀rọ náà ń rí.

Pátákó irin kékeré kan wà lára gbogbo forklift tó bójú mu, nítòsí ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ká ní wọ́n kọ 2,500 kg síbẹ̀, wọ́n máa kọ 500 mm tì í. Ohun tó ń sọ ni pé: mo lè gbé 2,500 kg bí àárín ìwúwo ẹrù náà ò bá jìnnà ju ìdajì mítà lọ sí ibi tí fọ́ọ̀kì ti bẹ̀rẹ̀. Àárín ìwúwo ni ojú ibi tí ẹ máa fi ìka kan gbé ìgbálẹ̀ sí tí kò fi ní já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní láti taya iwájú dé ìdí fọ́ọ̀kì jẹ́ 45 cm. Tí àárín ìwúwo ẹrù bá wà ní 50 cm, gbogbo ẹ̀ di 95 cm. Ẹ fi 0.95 sọ 2,500 di púpọ̀, ó di 2,375. Òun ni gbèdéke tí wọ́n fún ẹ̀rọ náà. Ẹ wá gbé àpótí tó gùn tó mítà méjì sórí ẹ̀. Àárín ìwúwo ẹ̀ ti sún lọ sí mítà kan, jíjìnnà di 1.45. Ẹ fi 1.45 pín 2,375, ẹ máa rí nǹkan bí 1,640 kg. Ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, àmọ́ 860 kg ti bọ́ lára ohun tó lè gbé, kìkì nítorí pé àpótí gùn.

Àwa ọmọ mẹ́ta tó gun ẹ̀yìn ńkọ́? Ká ní 65 kg ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ká sì ní a jìnnà tó mítà méjì sí taya iwájú. Mo ṣírò ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Ohun tá a lè fi kún un kò tó 270 kg. Òótọ́ ni pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lórí gbèdéke wọn. Àmọ́ wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀ de bíréèkì àti ilẹ̀ gbágungbàgun ni. A ti jẹ ẹ́ tán kí Bọ̀ọ̀dá tó gbéra. Ìgbà tó tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́. Irin kì í sì í bẹ̀rù, kì í fò sílẹ̀, àwa fò.

Ìyẹn tiẹ̀ wà fún iwájú àti ẹ̀yìn nìkan. Ti ẹ̀gbẹ́ tún wà níbẹ̀. Taya mẹ́rin lẹ máa kà lára ọ̀pọ̀ forklift, àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró. Ọ̀pá irin tó so taya ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kò dè pinpin mọ́ ara ọkọ̀, orí ojú kan láàárín ló ti ń mì sọ́tùn-ún sósì kí taya lè máa tẹ ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá fa ìlà láti taya iwájú kan sí èkejì, tẹ́ ẹ wá fa méjèèjì lọ sí ojú àárín yẹn lẹ́yìn, ẹ máa rí igun mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí àárín ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù bá ṣì wà nínú igun yẹn, kò séwu. Bó bá jáde, ọkọ̀ máa dojú dé. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Tó bá jẹ́ ti forklift ni, ẹ jẹ́ n dá wọn lóhùn díẹ̀.

Bí ẹrù bá ṣe ń lọ sókè ni àyè yẹn ń dín kù. Ẹni tó fọwọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi àti ẹni tó rù ú lórí, èwo nínú wọn lẹ máa rọra tì tó máa dà á nù? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ pé kó rẹ ẹrù sílẹ̀, bíi 15 cm sí ilẹ̀, kó tó rìn, kó má sì yí kọ́nà nígbà tí ẹrù ṣì wà lókè. Ẹni tí kò mọ ti igun mẹ́ta máa rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi àkókò òun ṣòfò ni.

Gbogbo èyí, ojú kò rí i. Ohun tó sì ń mú mi bínú sí "wá wò mí bí mo ṣe ń ṣe é" nìyẹn. Mi ò kẹ́gàn iṣẹ́ kíkọ́ tiwa o. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì máa ń lo ọdún púpọ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá ẹ̀, ó máa rí ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ lóríṣiríṣi, ọwọ́ ẹ̀ á mọ̀ ọ́n kí ẹnu ẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méjì ni Bọ̀ọ̀dá lò. Ohun tó sì yẹ kó rí, àárín ìwúwo, kò sí níbi tí ojú lè wò ó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sọ ọ́ fún un.

Ti dánfó tún wá ń dí i lọ́wọ́. Nínú mọ́tò, taya iwájú ló ń yí, ẹ̀yìn á tẹ̀lé e. Ti forklift, taya ẹ̀yìn ló ń yí. Tí ẹ bá yí i sápá òsì, ìdí ẹ̀ á jù sápá ọ̀tún, á gbá ẹni tó dúró síbẹ̀ tó rò pé ọkọ̀ ń lọ ibòmíràn. Nínú dánfó, ẹ máa kọjú síwájú sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Forklift tó gbé ẹrù, ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ fi sọ̀, kí ẹrù lè máa wo òkè.

Èyí tó burú jù ni ti fífò. Bí forklift tí wọ́n ń jókòó wà bá ń dojú dé, gbogbo ara awakọ̀ á máa sọ fún un pé: fò! Bó bá fò, ó sábà máa ń jẹ́ pé irin òrùlé tí wọ́n ṣe láti dáàbò bò ó ló máa bá a nílẹ̀, tá sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ni pé kó ti so bẹ́líìtì, kó di sítíárín mú gírígírí, kó fẹsẹ̀ tilẹ̀, kó fara sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ ń wó sí, kó sì dúró sínú ẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn ò bá kọ́ ọ tẹ́lẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jápa lọ sí Ìlú Ọba ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló fi kẹ́kọ̀ọ́, ó ṣèdánwò, kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní inú bí òun lọ́jọ́ kìíní, torí ó rò pé wọ́n fojú kéré òun. Ní Amẹ́ríkà, òfin OSHA ní kí wọ́n kọ́ awakọ̀ ní ti ẹnu àti ti ọwọ́, kí wọ́n dán an wò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ó kéré tán lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá sì ṣe jàǹbá, tàbí jàǹbá kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, ẹ̀kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í sì í ṣe pé àwa ò ní òfin. Factories Act tiwa náà sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi èèyàn sídìí ẹ̀rọ tó lè ṣe é léṣe láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣàlàyé ewu ẹ̀ fún un, kó sì ti kọ́ ọ dáadáa tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa mójú tó o.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń sọ: owó. "Mo máa kọ́ ọ tán, á sì lọ síbi tí wọ́n ti ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ." Kò burú. Ṣé ẹni tí ẹ ò kọ́, tó wá dúró tì yín, ṣé èrè nìyẹn?

Ibi tí mo wá yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ni ti èdè. Mo ti jókòó níbi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wákàtí méjì, Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwòrán lórí ògiri, gbogbo èèyàn ń mi orí, wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n gba sátífíkéètì. Nígbà tá a jáde, Yorùbá ni wọ́n fi ń bi ara wọn ní ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ. Kò sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ forklift tí Yorùbá ò lè gbé. Jangirọ́fà, ààrò mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì omi, mo ti sọ ọ́ tán lókè yìí, mi ò sì lo ìwé kankan.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Bọ̀ọ̀dá. Ó ti kúrò níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà báyìí, forklift náà ló ṣì ń wà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya igun mẹ́ta sílẹ̀ fún un, mo ṣàlàyé ti àpótí gígùn ọjọ́sí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà la jọ lọ sídìí ọkọ̀ ẹ̀, mo fi àkísà nu gírísì kúrò lójú pátákó irin kékeré yẹn, mo ka 2,500 àti 500 fún un.

Ó ní, "Àbúrò, ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń jókòó síwájú nǹkan yìí. Mo rò pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni."