Ọjá Ìkookò Kò Gba Àkẹ́jù

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá ọmọ ni ó ń gbé inú iyàrá tí oòrùn kì í wọ̀ dáadáa, tí ọmọ àti iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí ẹ ráyè bomi rin òdòdó lójoojúmọ́. Ọjá ìkookò, tí àwọn mìíràn ń pè ní pàṣán kòríkò, ni ó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu.

Nígbà tí mo ṣe ìgbéyàwó, ìyá mi hú ọ̀kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀, ó ní kí n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀ mi. Nítorí ìfẹ́ ẹni tí ó fún mi, àràárọ̀ ni mo ń bu omi sí i. Kò pé oṣù méjì tí ìdí ewé rẹ̀ fi rọ̀, tí ó jẹrà, tí ó sì ń rùn. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé! Ojú tì mí kí n tó lè sọ fún ìyá mi. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, ‘Ọmọ mi, ta ní ń bomi rin ín nínú igbó?’

Òótọ́ ni. Ewéko ilẹ̀ wa ni. Láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò ni ó ti ń dá hù. Inú ewé rẹ̀ tí ó nípọn ni ó ń tọ́jú omi sí. Òru ni ó máa ń ṣí àwọn ihò tíntìntín ara ewé rẹ̀ láti mí, kí oòrùn ọ̀sán má baà fa omi rẹ̀ gbẹ.

Nítorí náà, ẹ gbìn ín sínú ohun tí ó ní ihò nídìí, kí ẹ sì po yanrìn mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ erùpẹ̀ wò. Bí ó bá gbẹ dé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tó bomi rin ín, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da omi tí ó bá ṣẹ́kù sínú àwo ìdí rẹ̀ nù. Yóò gbé kọ̀rọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yára dàgbà nítòsí fèrèsé. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé rẹ̀.

Bí ìdí rẹ̀ bá jẹrà, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ gé ewé tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Yóò ta gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù oṣù díẹ̀. Èyí tí etí ewé rẹ̀ pọ́n bí ẹyin, gbòǹgbò rẹ̀ ni kí ẹ pín. Bí ẹ bá gbin ewé rẹ̀, àwọ̀ ẹyin náà kì í padà wá.

Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tí ń rákò kò lè tó, nítorí ẹni tí ó bá jẹ ewé rẹ̀ lè máa bì. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ó bá ń bì. Ẹ má sì gbà pé ó lè fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Fèrèsé ni kí ẹ ṣí.

Ìyá mi ti re ibi àgbà ń rè. Ewé kan ṣoṣo tí mo gé nígbà náà ti di ìkòkò mẹ́ta. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ń lọ sí ilé ọkọ, mo fún un ní ọ̀kan, mo sì bi í ní ìbéèrè ìyá wa: ta ní ń bomi rin ín nínú igbó?